Òróró Inú Eruku Ìràwọ̀

Ní Lálúpọn, tí fíríìjì bá ṣíwọ́ tí kò mú omi tutù mọ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Praise ni wọ́n ń gbé e lọ. Gbọ́njúbọ́lá ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a jù ú lọ nìkan la ṣì ń rántí. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọbìnrin márùn-ún ni ọkùnrin náà bí, òun nìkan ni kò bẹ̀rù iná mànàmáná nínú wọn, ni bàbá bá kó irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ta ni yóò fẹ́ ọmọge tí ọwọ́ ẹ̀ ń rùn bí ẹ́ńjìnnì? Ẹnì kan fẹ́ ẹ. Wọ́n bí Praise, ọkọ sì kú kí ọmọ náà tó mọ ìrìn í rìn. Láti ọjọ́ náà, fíríìjì ló ń bọ́ ìyá àti ọmọ.

Èmi tí mo ń kọ èyí, gàrí ni mò ń yan. Èmi náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí àwa méjèèjì jọ ń lọ. Ìyá Ìtùnú ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Praise lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Wọ́n ní ó fi Ọlọ́run sílẹ̀, ó lọ ń bá àwọn awòràwọ̀ ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Mo wà nínú ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́, apá kan ẹ̀bi ibẹ̀ tèmi ni.

Ilé ìwádìí kékeré kan wà lójú ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, a rò pé ilé adìyẹ ni. Dókítà Muhsinah ló ń darí ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wé híjáàbù aláwọ̀ ewé, tí ọjọ́ orí ẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ. Òun ló kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Praise lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ẹ káàsán mà. Wọ́n ní kò sí ibi tí nǹkan ń jò tí ẹ ò ní rí i.”

“Fíríìjì yín dà?”

“Kì í ṣe fíríìjì.”

“Ẹ̀rọ amúlétutù ni?”

“Kì í ṣe òun náà. Ìràwọ̀ ni.”

Ìyá Praise wò ó láti òkè délẹ̀. “Àǹtí,” ó ní, “ìràwọ̀ kì í jò.”

“Tèmi ń jò,” ni Dókítà wí. “Ó ti ń jò láti oṣù mẹ́rin. Àwọn kan wá láti Èkó, wọn ò rí ojú ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé irinṣẹ́ yín.”

Ohun tó bá lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi irin dídán ṣe, tó gùn bí ọkọ̀ akẹ́rù, tó kún fún ọ̀pá àti oríkèé, tí pọ́ńpù mẹ́ta ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Wọ́n fẹ́ kí inú ẹ̀ ṣófo bí ojú sánmà ṣe ṣófo, kó má ku afẹ́fẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jáde. Ti ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan kan kì í jáde nínú ẹ̀, fífà ló ń fà. Ìyá Praise rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ó ń fà, ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan mu.” Ó fa sípírítì sínú sírínjì, ó ń kán an sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Dókítà máa wo géèjì. Ní oríkèé kẹtàlélógún, abẹ́rẹ́ géèjì fò sókè.

“Ó ti mu ún!” ni Dókítà kígbe.

Bí ó ṣe di òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, láàbù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, fíríìjì.

Kò lè pa ohun tó ń rí níbẹ̀ mọ́ra. Tó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á yà sí ìdí agbada mi, á fa àpótí, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìràwọ̀ máa ń darúgbó. Ó ní oòrùn yìí náà, ìràwọ̀ ni, òun náà á darúgbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa àti àwọn ọmọ ọmọ wa kò ní sí níbẹ̀. Tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tán, á wú, á pọ́n, á máa mí gáàsì jáde. Nínú gáàsì náà ni ohun kan náà tó wà nínú èédú wà, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Bí gáàsì yìí bá ṣe ń jìnnà sí ìràwọ̀ ló ń tutù, bó ṣe ń tutù ni àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀ ń so mọ́ ara wọn, títí wọ́n á fi di eruku dúdú, bí dúdú ìdí agbada. Eruku yẹn á rìn lọ jìnnà, á pàdé òmíràn, wọ́n á kó jọ. Láti inú àkójọ náà ni ìràwọ̀ tuntun ti ń yọ, àti ilẹ̀ bí irú èyí tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí.

Mo ní, “Erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Bíbélì wí.”

Ó ní, “Mọ́mì, erùpẹ̀ náà, níbo ló ti wá?”

Mo da ẹ̀gẹ́ mìíràn sínú agbada.

Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè lọ síbi ìràwọ̀ láti lọ bu nǹkan wá, Dókítà ṣe ìràwọ̀ tiẹ̀ sínú ọ̀pá irin. Wọ́n á mú èédú mímọ́ kan gbóná lápá kan títí ẹyọ inú ẹ̀ á fi máa fò, wọ́n á jẹ́ kí gáàsì háídírójìn díẹ̀ wọlé, àwọn méjèèjì á pàdé nínú òfìfo, ohun tí wọ́n bá dì á balẹ̀ sórí àwo kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àwo náà sórí òṣùwọ̀n kan tó lè wọn ohun tí ojú ò lè rí, tó sì ń ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: tí wọ́n bá so mọ́ ara wọn, ṣé òrùka ni wọ́n ń dì, àbí ẹ̀wọ̀n? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lókè òkun gbà pé òrùka ni. Dókítà Muhsinah kò mọ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Ìyá Praise náà ò mọ̀. “Ẹ̀wọ̀n ni ọkàn mi ń sọ,” ó ní.

“Ta ló sọ fún ọkàn rẹ?”

“Ẹ má bi mí, Mọ́mì.”

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ohunkóhun tó máa wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀rá ọwọ́ èèyàn kò ju fíntín lọ, ṣùgbọ́n nínú òfìfo yẹn, ó pọ̀ bí omi òkun. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, wọ́n á tún fi iná mú gbogbo ara ẹ̀ gbóná fún ọjọ́ méjì kí omi tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ lè gbẹ. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Praise rí i, ó ní, “Dókítà, ẹ̀yin náà ń yan gàrí.”

Oṣù márùn-ún kọjá, ẹ̀rọ náà kò ṣófo tó bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá dí ibì kan, ibòmíràn á tún mú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà láàbù kọ̀wé pé bí kò bá sí nǹkan tó jọjú kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, àwọn á dáwọ́ dúró. Ìyá Praise wá bá mi.

Nínú ìjọ wa, ohun tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ la máa ń gbàdúrà sí. Télọ̀ á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá, ọlọ́kadà á gun ọ̀kadà ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àgbẹ̀ á kó ọkọ́ àti àdá wá síwájú pẹpẹ. Ohun tí kò bá ṣeé gbé, òróró la máa ń fi ránṣẹ́ sí i. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ìgò òróró olífì kékeré kan lé e lọ́wọ́.

“Fi ṣe àmì àgbélébùú sí i lára.”

“Mọ́mì, wọn ò gbà ká fi nǹkan kàn án.”

“Ara ìta ńkọ́?”

Ó rò ó. “Ti ara ìta ò burú.”

“Ìta ni kí o fi sí. Kí o sì fi pa ọwọ́ ara rẹ méjèèjì, torí ọwọ́ rẹ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.”

Bí mo ṣe wí ló ṣe é. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó dé kí Dókítà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó ka Sáàmù, ó fi òróró ṣe àmì sí ìta ẹ̀rọ náà, ó fi pa àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé àwo kékeré yẹn sípò ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ géèjì já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ju bó ṣe já rí lọ. Wọ́n tan ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wọn ohun tó wà lórí àwo, Dókítà Muhsinah pariwo débi pé àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú títì gbọ́.

“Ẹ̀wọ̀n ni! Ìyá Praise, ẹ wá wò ó! Ẹ̀wọ̀n gígùn gbọọrọ! Ẹyọ kábọ́ọ̀nù méjìdínlógún ló tò tẹ̀léra! Alihamudulilahi!”

“Halelúyà!” ni Ìyá Praise náà ké. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń jó yí ẹ̀rọ ká.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó jẹ́rìí. Mo ń rí i lójú mi báyìí, nínú aṣọ funfun, tó ń sọ fún ìjọ pé Ọlọ́run fi ohun tó yí àwọn arúgbó ìràwọ̀ ká han òun ọmọ aláfíríìjì. Baba Àpọ́sítélì Fákọ́ládé, tí wọ́n jẹ́ alábòójútó ìjọ wa, dìde dúró pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. A kọrin, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Èmi náà kò lè ṣàì gbéra ga díẹ̀. Òróró mi ni.

Ṣùgbọ́n Dókítà kò tíì sinmi. Ohun kan ń dà á láàmú: ní ìrù ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn wà níbẹ̀. Kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọn ò fi ọ́síjìn sínú ẹ̀rọ, irú ìràwọ̀ tí wọ́n ń ṣe àfarawé ẹ̀ náà kì í ní in lọ́fẹ̀ẹ́ báyẹn. Ó ti kọ àbájáde náà ránṣẹ́, inú àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ dùn, wọ́n ṣèlérí ọdún mẹ́ta sí i. Síbẹ̀ ó ń rìn káàkiri láàbù, ó ń dá sọ̀rọ̀.

“Ìyá Praise, bóyá ó tún ń jò.”

Ìyá Praise fi sípírítì yẹ gbogbo oríkèé wò. Kò jò.

“Bóyá ìràwọ̀ ní àṣírí tí a ò tíì mọ̀ ni,” ni Dókítà wí, ojú ẹ̀ ń dán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Ìyá Praise rí i. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rọ òróró ẹ́ńjìnnì sínú kọ̀mpírẹ́sọ̀ fíríìjì ọkùnrin ẹlẹ́ja kan. Ó fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bó ṣe fi ọwọ́ ọ̀tún fa ti ọwọ́ òsì wọ̀, oòrùn tàn sórí ọwọ́ ẹ̀, ó sì rí àmì ìka ara ẹ̀ tó ń dán yanran lẹ́yìn ìbọ̀wọ́ náà. Ó dúró gbagidi. Ẹlẹ́ja ní, “Ṣé ó ti bàjẹ́ tán ni?” Kò gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Kò fa àpótí. Ó dúró, èéfín ń fẹ́ sí i lójú.

“Mọ́mì, òróró yẹn ni.”

“Òróró wo?”

“Kì í ṣe ìràwọ̀ ni a rí. Òróró tí ẹ fún mi ni a rí. Mo fi ọwọ́ olóròóró fa ìbọ̀wọ́ wọ̀, mo fi ìbọ̀wọ́ gbé àwo. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni òróró, Dókítà ti sọ ọ́ fún mi rí, ọ̀rá gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀.”

Mo bojú wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ohun tí mo sọ, mi ò ní fi pa mọ́. Mo ní, “Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi. Ẹ̀yin.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dákẹ́.”

“Mọ́mì!”

“Fetí sílẹ̀. Tí o bá sọ ọ́, wọ́n á ti láàbù pa, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ, Praise ṣì wà ní Poli. Ìjọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ fún wọn, pé Ọlọ́run ò dáhùn? Àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ àdúrà kò wọ́n nílùú yìí.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá ní, “Mo ti fi orúkọ Ẹ̀ jẹ́rìí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá mọ̀, tí mo ṣì dákẹ́, kì í ṣe àṣìṣe mọ́.”

Gàrí jóná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá a lọ. Ó ní kí n mú ìyókù òróró náà dání. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fún mi ní aṣọ àwọ̀lékè bí ti nọ́ọ̀sì, wọ́n fi ọ̀rá bo bàtà mi. Dókítà Muhsinah kúnlẹ̀ kí mi, ó ti gbọ́ orúkọ mi. Ìyá Praise kò jẹ́ kó rí àyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó sọ gbogbo ẹ̀ láìmí.

“Èmi ni mo fún un,” ni mo fi kún un. “Èmi ni mo ní kó pa ọwọ́.”

Dókítà jókòó. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

“Ìyá Praise, ẹ mọ̀ pé mo ti fi ránṣẹ́.”

“Mo mọ̀ mà.”

“Wọ́n ti kà á. Wọ́n ti ṣèlérí.”

“Mo mọ̀.”

“Ká ní ẹ dákẹ́ ni, mi ò ní mọ̀ láéláé.”

“Èmi á mọ̀.”

Pọ́ńpù ń kùn. Dókítà gbójú sókè lójijì, ó ní, “Òróró wo ni?”

“Olífì,” ni mo wí.

“Olífì.” Ó ń fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì. “Olífì… kábọ́ọ̀nù méjìdínlógún ni. Pẹ̀lú ọ́síjìn ní ìrù. Yéè!” Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú ẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá ibi tí ọ́síjìn yẹn ti wá! Mo ti fẹ́ sọ pé àwọn ìràwọ̀ ló ń purọ́ fún wa.”

“Ẹ má bínú, Dókítà.”

“Inú ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀.” Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbàdúrà sí i. Èmi náà kì í tan ẹ̀rọ yìí láìṣe bísímílà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bísímílà kì í ní ọ̀rá.”

Ìyá Praise fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Dókítà na ọwọ́ sí mi. “Mà, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ká má kàn fi ẹnu sọ ọ́.”

Mo di ìgò náà mú. Ògo Ọlọ́run la pè sórí ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ lé e lórí, ó wá ní kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n bí ẹja pípa.

“Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” ó béèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

“Mi ò mọ̀,” ni mo wí, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìlà tó yọ lójú kọ̀ǹpútà bá ti ìṣáájú mu bí ìbejì. Kò sí ohun tó dá yàtọ̀ nínú ẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń wá bóyá ìlà kan á wà níbẹ̀ tí òróró ọjà kò ní, ìlà kékeré kan tó jẹ́ ti àdúrà. Mo bi Dókítà. Ó fi sùúrù gbé òróró olífì mìíràn, tó fi ń sebẹ̀, sórí òṣùwọ̀n náà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Lọ́nà ilé, mo ń rántí ọmọ mi Ìtùnúolúwa, tí ibà fẹ́ gbé lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mo fi òróró pa á lórí, ó dìde. Mo ti jẹ́ ẹ̀rí yẹn nínú ìjọ tó nǹkan bí ogún ìgbà. Ó ń lo oògùn ọsibítù lọ́wọ́ nígbà náà. Mi ò mẹ́nu kan oògùn náà rí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pa mọ́, kò kàn sí ẹni tó bi mí ni.

Dókítà kọ̀wé sí àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, ó ní àbájáde náà kò dúró mọ́, ó sọ ìdí ẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá Praise ò mọ̀ bóyá òun ṣì níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò dúró de èsì kó tó lọ sí ìjọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, ó jáde síwájú.

“Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lóṣù tó kọjá,” ó ní, “kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbà á padà.”

A kì í gba ẹ̀rí padà ní ìjọ wa. Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ó ṣàlàyé òróró, ó ṣàlàyé ìbọ̀wọ́, kò dárúkọ mi. Mo dìde níbi tí mo jókòó sí, mo ní, “Èmi ni mo fún un.”

Arákùnrin Ayọ̀dèjì, olórí akọrin, kò lè pa á mọ́ra. “Ìyá Praise, ṣé ó yẹ kí ẹ sọ èyí níta? A ti dúpẹ́ tán! A ti jó!”

“Ẹ gba ijó yín padà, Bọ̀dá,” ni Múyì ọlọ́kadà ké láti ẹ̀yìn, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Baba Àpọ́sítélì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wò ó pẹ́. “Ọmọ mi, ṣé òróró náà ni kò ṣiṣẹ́ ni?”

“Baba, ó ṣiṣẹ́ o,” ni Ìyá Praise dáhùn. “Ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.”

Baba rẹ́rìn-ín, ohun tó ṣọ̀wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn náà ojú wọn tún le. “Ọlọ́run ńkọ́? Ṣé ó dáhùn, àbí kò dáhùn?”

“Mi ò mọ̀, Baba. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí mo sọ fún yín kì í ṣe ti ìràwọ̀.”

Mo rò pé wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà Àpèkẹ́, tó ń ta ẹ̀gẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìsìn àfi tó bá ń sùn, gbé ohùn sókè: “Kí ló wá yí arúgbó ìràwọ̀ ká gan-an?”

“Mà, a ò tíì mọ̀.”

“Ẹ ò tíì mọ̀ ni?” Ó fi ọ̀pá ẹ̀ gbá ilẹ̀. “Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ará Ìjàyè tó ń ra ẹ̀gẹ́ mi pé ẹ ti mọ̀!”

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní ìràwọ̀ ń darúgbó? Tí ó bá darúgbó tán, ṣé ó ń kú? Òfìfo, ṣé Ọlọ́run wà nínú ẹ̀? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ ò lè wọ inú ẹ̀? Ìyá Praise ń dáhùn èyí tó mọ̀, ó ń sọ “mi ò mọ̀” sí èyí tí kò mọ̀, “mi ò mọ̀” sì pọ̀ ju ìdáhùn lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwabùnmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àsìkò ìwàásù kọjá, kò sẹ́ni tó rántí. Múyì ní, “Ẹ bá wa sọ fún Dókítà pé kó má fi wá sílẹ̀ o, a ti wọ ọkọ̀.”

Níkẹyìn, Baba Àpọ́sítélì ní kó gbàdúrà parí ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Àdúrà ẹ̀ kò gùn. Ó ní, “Olúwa, fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn wá. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ohun tí a mú lọ síbẹ̀.”

Ìjọ ṣe àmín. Tèmi pẹ́ kó tó jáde.

Àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò fún wọn ní ọdún mẹ́ta mọ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní nítorí pé Dókítà sọ òótọ́. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi iná yan án fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n tún tan án, tí wọ́n sì wọn ohun tó wà nínú ẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n gígùn kankan. Òrùka tí àwọn ará òkè òkun ń retí náà ò tó nǹkan. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni gáàsì kan tí gbogbo wa mọ òórùn ẹ̀, èyí tí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ń rí nígbà tí wọ́n bá da omi sórí kábáìdì.

Ìyá Praise wá sọ ọ́ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Gáàsì wẹ́dà?” ni mo ní. “Gbogbo wàhálà yìí, gáàsì wẹ́dà?”

“Àti eruku díẹ̀. Ó kéré, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ la mú un lọ.”

Inú ẹ̀ dùn ju ọjọ́ tó jó lọ, mo rí i. Ó fẹ́ mọ ohun tí eruku náà ń ṣe tí omi bá kàn án. Ó ti ń ronú bí wọ́n ṣe máa fi omi wọlé láìjẹ́ kó jò.

Èmi ṣì ń darí ẹgbẹ́ àdúrà, mo ṣì ń gbọ́wọ́ lé àwọn aláìsàn lórí. Ṣùgbọ́n àdúrà tí Ìyá Praise gbà lọ́jọ́ náà ni mò ń gbà fún ara mi báyìí láràárọ̀, kí Olúwa fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí, kó má jẹ́ ohun tí mo mú lọ. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ẹ̀rù máa ń bà mí pé ó lè dáhùn.